Ogbè Ògúndá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀: ṣé ogun ni ọ̀la, àbí àlàáfíà?



  Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ ìṣe wa: odù kan là ń gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó tú u wò, a ó sì gbọ́ ohun tó ń bá wa wí. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí àgbà má tíì dìde lọ o. Ọ̀rọ̀ tiyín wà nísàlẹ̀, ó sì lè má dùn létí.

Ìbéèrè kan ló ń wá síwájú ọpọ́n lemọ́lemọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Tẹ́lẹ̀, tí ọ̀dọ́ bá wá wádìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ ni, ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni. Wọ́n ṣì ń bèèrè ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ti ẹnu wọn sí owó, tí a ti dá Ifá, tí a ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á tún yọ òmíràn: "Baba, ṣé ilẹ̀ yìí á tòrò báyìí? Ṣé ogun ò ní jà?" Nígbà mìíràn ẹni tó ń bèèrè ò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Nígbà tí àwa wà ní ọjọ́ orí yẹn, ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà tó dáa là ń bèèrè.

Bí mo ṣe ń gbọ́ wọn, ọ̀nà mẹ́ta ni ọkàn wọn pín sí. Àwọn kan gbà pé kò sí ọ̀la níbí mọ́. Wọ́n ti di ẹrù lọ́kàn, ara wọn nìkan ló kù nílé. Àwọn kan ń fi ẹnu pe ogun. Tí ohun kékeré bá ṣẹlẹ̀ báyìí, wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kó kúkú bẹ́ ká mọ̀ pé ó ti bẹ́." Àwọn kẹta ń gbàdúrà kí àlàáfíà dé, wọ́n sì jókòó tì í, bíi pé ó jẹ́ àlejò tó ti wọ mọ́tò, tó ń bọ̀ lọ́nà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ogbè Ògúndá bá wí.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ odù yìí. A ń pè é ní Ogbè Ògúndá, a tún ń pè é ní Ogbèyọ́nú. Odù kan ṣoṣo, orúkọ méjì. Ẹ fetí sí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ Ògún nínú ọ̀kan, ẹ ó sì gbọ́ ìyọ́nú nínú èkejì. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé ogun àti àlàáfíà jìnnà síra, màá ní kó lọ wo Ogbè Ògúndá. Ojú kan náà ni wọ́n wà.

ÌTÀN NÁÀ

Ifá ní àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan wà lóde ọ̀run. Orísẹ̀ẹ́kú ni ọmọ Ògún. Orílèémèrè ni ọmọ Ìjà. Afùwàpẹ́ ni ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n fẹ́ wá sóde ayé, wọ́n sì fẹ́ kí ayé sàn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì ní orí. Àwọn àgbà ní kí wọ́n lọ sílé Àjàlà, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí, kí wọ́n lọ yan orí níbẹ̀. Wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ yà síbì kankan lọ́nà, kódà kó jẹ́ ilé bàbá wọn.

Wọ́n gbéra. Nígbà tó yá, Afùwàpẹ́ ní òun ò lè kọjá láìrí bàbá òun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rán an létí ìkìlọ̀ àwọn àgbà, ó ní bó ti wù kó rí, òun á yà. Wọ́n bá fi í sílẹ̀, wọ́n ń bá tiwọn lọ.

Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè dé ilé Àjàlà. Wọn ò bá a. Àwọn tó wà nílé mú wọn wọ yàrá tí orí wà. Orí pọ̀ nílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Orísẹ̀ẹ́kú rí ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́ Àjàlà, ó ń dán. Kò mọ̀ pé wọn ò tíì sun ún. Ó gbé e. Orílèémèrè rí ọ̀kan tó tóbi. Kò mọ̀ pé ó ti là. Ó gbé e. Wọ́n dé e, wọ́n sì kọrí sáyé. Kò pẹ́ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Òjò ọ̀hún rọ̀, kò dá. Ó ń wọ amọ̀ orí wọn díẹ̀díẹ̀ títí tí orí fi pẹlẹbẹ. Bí wọ́n ṣe wọ ilé ayé nìyẹn. Wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, wọn ò rí èrè. Gbogbo ohun tí wọ́n bá rí, orí tó ti wọ ni wọ́n ń fi í tún ṣe.

Afùwàpẹ́ ńkọ́? Ó dé ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà ní, "Níbo lò ń lọ?" Ó ní òun ń lọ yan orí. Wọ́n dá Ifá fún un. Ifá ní kó rú iyọ̀, kó rú owó. Wọ́n rú u, wọ́n sì bù nínú iyọ̀ àti nínú owó náà fún un pé kó mú un lọ́wọ́ lọ.

Ó ń lọ, ó kan oníbodè kan tó ń se ọbẹ̀. Ó rí i tó ń da eérú sínú ọbẹ̀. Ó ní, "Baba, kí lẹ̀ ń ṣe?" Oníbodè ní bí àwọn ṣe ń se é nìyẹn. Afùwàpẹ́ mú iyọ̀ tirẹ̀, ó bù ú sí ọbẹ̀. Oníbodè tọ́ ọ wò, ẹnu yà á. Ó ní irú èyí ò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Inú rẹ̀ dùn, ó wá tú àṣírí fún un. Ó ní, "Tí o bá dé ilé Àjàlà, o ò ní bá a nílẹ̀. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, orí àjà ló ń sá sí tí olówó bá dé. Tí o bá lè bá a san gbèsè náà, á bá ọ yan orí."

Bó ṣe wí gan-an ló rí. Afùwàpẹ́ dé ibẹ̀, ó bá olówó tó ń pariwo lójúde. Ó san owó. Olówó bá tirẹ̀ lọ. Àjàlà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Nígbà tó gbọ́ ẹni tó san gbèsè òun, ó mú ọmọ náà wọ yàrá, ó mú ọ̀pá irin kan, ó ń fi lu orí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fọ́, ó fọ́ nìyẹn. Ó lù títí ó fi kan ọ̀kan tó dún ketekete, tí kò sán. Ó ní, "Gbé èyí." Afùwàpẹ́ gbé e, ó kọrí sáyé. Òjò rọ̀ lé òun náà. Omi ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀, kò wọ̀ ọ́. Ó dé ayé, ayé sì sàn án.

Bí àwọn tó kọ́ mi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Ẹ̀yin awo míì lè mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà tó fi díẹ̀ yàtọ̀. Ibi tó ń lọ ò yàtọ̀.

Ẹ WO BÀBÁ ÀWỌN ỌMỌ NÁÀ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tún orúkọ àwọn bàbá yìí kà. Ògún. Ìjà. Ọ̀rúnmìlà. Ọmọ Ògún àti ọmọ Ìjà ló kọ́kọ́ dé ibi ìpín. Ẹsẹ̀ wọn yá. Ifá ò sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, kò sọ pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ ohun rere bí gbogbo wa ṣe fẹ́ ẹ. Ohun tí wọn ò ṣe ni pé wọn ò bèèrè, wọn ò sì dán an wò. Èyí tó ń dán ni wọ́n gbé.

Ẹ má gbọ́ mi sódì o. Mi ò bú Ògún. Ẹni tó bá bú Ògún, kí ló fẹ́ fi jẹun? Ọkọ́, àdá, abẹ́ tí dókítà fi ń gba ẹ̀mí là, ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀, Ògún ló ni gbogbo ẹ̀. Ẹ tún padà sínú ìtàn yẹn. Kí ni Àjàlà fi dán orí Afùwàpẹ́ wò? Ọ̀pá irin! Ohun tó jẹ́ ti bàbá Orísẹ̀ẹ́kú ni wọ́n fi mọ orí tó le fún ọmọ ẹlòmíì. Orísẹ̀ẹ́kú tó ni irin nílé bàbá rẹ̀ ò rántí lò ó. Irin tó lè fọ́ orí èèyàn náà ló ń sọ èyí tó jinná fún wa. Bí agbára ọ̀dọ́ ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀bi agbára kọ́. Ibi tí a bá nà án sí ni.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn Ògún pẹ̀lú àwọn ará Ìrè. Ó ti ogun dé, ó bá àwọn èèyàn rẹ̀ níbi àpèjọ tí wọn kì í ti í fọhùn. Ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu wò, òfìfo ni. Inú bí i, ó yọ idà. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ló tó mọ̀ pé ará ilé òun lòun pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu pe ogun lórí fóònù, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ogun tí ẹ bẹ̀ lọ́wẹ̀ sí ọ̀tá, ilé yín ló máa kọ́kọ́ wá bèèrè ẹmu.

ÌRAN TÓ DÀGBÀ SÍNÚ OGUN

Mo fẹ́ ká kúrò nínú ìtàn ọ̀run, ká wá sórí ilẹ̀ wa níbí. Àwọn tó bí àwọn tó bí wa ja ogun kan tí wọ́n ń pè ní Kírìjì. Ìró ìbọn ni orúkọ yẹn. Ọdún 1877 ni gbọ́nmi-si-i-omi-ò-to-o yẹn bẹ̀rẹ̀, bùdó ogun ò sì tú ká tán títí di 1893. Ìbàdàn wà lápá kan, Èkìtìparapọ̀ wà lápá kejì, èyí ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó bá wọn pa ọwọ́ pọ̀. Àárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti kojú ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó tú bùdó ká. Ọmọ ogún ọdún tó gbé ìbọn lọ, tí Olódùmarè bá dá a sí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ló padà dé. Ìgbà èwe rẹ̀ ti lọ. Oko tó yẹ kó dá, igbó ti bò ó. Ààrẹ Látòósà tó kó ogun Ìbàdàn lọ kò fi ojú kan ilé mọ́. Inú bùdó ló kú sí ní 1885.

Kí ọ̀dọ́ kan má sọ pé mò ń ní kí ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà dákẹ́. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ẹjọ́. Àjẹlẹ̀ tí Ìbàdàn ń rán sí wọn ń gba ohun ìní wọn, wọ́n ń fìyà jẹ wọ́n nínú ilé ara wọn. Nígbà tí Fábùnmi dìde sí àjẹlẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìrora gidi ló gbé e dìde. Mi ò lè jókòó síbi tí ara ti tù mí kí n máa dá a lẹ́jọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹjọ́ tòótọ́ lè wà lọ́wọ́ ènìyàn, kí ogun sì tún jẹ ẹlẹ́jọ́ àti ẹni tó pè é lẹ́jọ́ pọ̀. Ogun kì í bèèrè ẹni tó jàre kó tó gbé ọmọ.

Báwo ló ṣe wá parí? Ìbọn kọ́ ló parí ẹ̀. Àwọn tí wọ́n lè ya bàrá sí bùdó méjèèjì, tí wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ lọ kí wọ́n gbé èsì bọ̀, àwọn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ohùn ara wọn. Samuel Johnson àti Charles Phillips, ènìyàn ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn méjèèjì, wọ́n rin ìrìn yẹn títí tí ọwọ́ fi bọ ìwé àdéhùn ní 1886. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ ogun tún jókòó tira wọn fún ọdún méje kí gómìnà Èkó, Carter, tó wá, tí wọ́n tó túká. Ẹ ò rí i? Àtigbé ogun dìde, ọjọ́ kan tó. Àtigbé e sọ̀ kalẹ̀, ọdún méje ò tó lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ó parí.

Àdéhùn yẹn tún fi nǹkan kan sílẹ̀ tí kò yanjú: ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ àti Ifẹ̀. Àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ló wá forí pamọ́ sí Ifẹ̀, tí wọ́n sì fi di ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ìwé 1886. Wọ́n kọ ọ́, kò yanjú. Ní 1997, lórí ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ máa wà, ìjà bẹ́, ó sì ń kú, ó ń jí títí wọ ọdún 2000. Ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò. Ìlú tí Òkè Ìtasẹ̀ wà nìyẹn o, ibi tí àwa awo ti ń pé jọ lọ́dọọdún láti gbọ́ ohun tí Ifá ní fún ayé. Mi ò wá dá ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó jà yẹn ti fẹ́ ara wọn, wọ́n ti bímọ fún ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ló sì lọ sójú ìjà, lórí ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wọn.

Ohun tí gbèsè tí wọn ò san máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn tó jẹ ẹ́ á ti kú, àwọn tí ò mọ̀dí ẹ̀ ni olówó máa ká mọ́lé.

ỌMỌ JÓRINJÓRIN KAN

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin wá sọ́dọ̀ mi. Ó ti ń tọ́jú owó fún ọdún méjì láti ra ẹ̀rọ tirẹ̀, kó kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Owó ti pé. Kò wá lè ná an. Ó ní, "Baba, tí mo bá rà á tán, tí ogun wá bẹ́ ńkọ́? Mi ò lè gbé ẹ̀rọ sá. Owó ṣeé gbé sá." Ogbè Ògúndá yìí náà ló hù.

Ifá ò sọ fún un pé ogun ò ní jà. Kò sì sọ fún un pé á jà. Ó ní kó rú iyọ̀, kó rú owó, kó sì mú iyọ̀ lọ́wọ́ lọ. Mo tú u fún un: iyọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ ni iṣẹ́ tí o mọ̀. Wá ẹnì kan tó ń da eérú sọ́bẹ̀ ládùúgbò yín, tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kí o kọ́ ọ. Ó wò mí, ó ní, "Baba, ṣé ìyẹn ló máa dá ogun dúró?" Mo ní, "Ọmọ tí o bá kọ́ níṣẹ́, tó ń jẹun níbẹ̀, ó máa le kí ẹni tó ń wá ọmọ ogun tó rí i mú."

Ọmọ yẹn ò dákẹ́. Ó ní, "Baba, kì í ṣe èmi ni mo ba ilẹ̀ yìí jẹ́. Bí mo ṣe dé ayé ni mo bá gbèsè. Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo máa san án?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, àti pé Ifá náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Afùwàpẹ́ ò jẹ Àjàlà ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bá a jẹ gbèsè. Ó san án nítorí pé ẹni tó máa mọ orí òun wà lórí àjà, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ títí tí wọ́n á fi san án. Ó lè dúró síta kó máa bá olówó pariwo, òótọ́ ni ariwo náà á jẹ́. Àmọ́ kò ní rí orí.

Ó ra ẹ̀rọ náà. Kò sì ya fọ́ọ̀mù ìrìn-àjò tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Mi ò bá a jà. Ifá ò ní kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn-àjò. Àwọn mẹ́ta inú ìtàn yìí, arìnrìn-àjò ni gbogbo wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé orí tí wọn ò sun, tí èèyàn bá gbé e dé Kánádà, òjò ń rọ̀ ní Kánádà.

Ó KAN ÀWA ÀGBÀ

Mo ní kí ẹ má dìde lọ. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró.

Ta ni Àjàlà? Ẹni tó ń mọ orí ọmọ aráyé. Iṣẹ́ ńlá! Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá jẹ gbèsè, ó sì ń sá sí orí àjà nígbà tí ọmọ wá yan orí. Ta ló tún mọ orí àwọn ọmọ yìí lónìí bí kò ṣe àwa òbí, àwa olùkọ́, àwa olóyè, àwa tí a ń pera wa ní àgbà awo, àti àwọn tó ń ṣe ìjọba? Tí ọmọ bá bèèrè pé owó tí ìlú ní, níbo ló lọ, orí àjà là ń gun. Tí ó bá bèèrè ohun tó fa ìjà ìgbà náà, orí àjà ni. A ní kí wọ́n sọ pé a ò sí nílé. Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè yan orí tí kò dáa. Lóòótọ́, wọn ò bèèrè. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ì bá bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ nínú yàrá yẹn? Onílé ti sá.

Ohun kejì nìyí. Owó tí Afùwàpẹ́ fi san gbèsè, iyọ̀ tó fi ran oníbodè lọ́wọ́, níbo ló ti rí i? Ilé bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀rúnmìlà ò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Lọ máa bá ayé jìjàkadì, àwa náà jìyà kí a tó dé ibí." Ó dá Ifá fún un. Ó rú ẹbọ fún un. Ó di nǹkan sí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀: ọmọ tó yà sọ́dọ̀ mi kó tó kọjá sí ọ̀la, kí ni mo dì fún un? Ṣé iyọ̀ ni, àbí èébú? Ṣé mo sọ bí ogun ṣe rí fún un, àbí ọ̀tá ìdílé nìkan ni mo kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀?

Àwọn kan nínú wa jókòó sórí àga lálẹ́, tí wọ́n ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé, "Àwọn ará ibí yìí, àwọn ará ọ̀hún yẹn, ẹ má gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe fún wa." Kí la rò pé ọmọ yẹn máa fi ìyẹn ṣe tó bá pé ogún ọdún? Orí tó ti là la gbé lé e lọ́wọ́, a sì ń retí pé kí òjò má wọ̀ ọ́.

OHUN TÍ IFÁ NÍ KÍ A ṢE

Ẹ má gbàgbé pé òjò rọ̀ lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ifá ò fi òjò dùn Afùwàpẹ́ nínú, kò ní ojú ọ̀nà rẹ̀ á gbẹ. Ọ̀dọ́ tó ń dúró kí ìlú tòrò tán kó tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan, ó ń dúró de ohun tí kò sí nínú odù yìí. Àlàáfíà tí Ogbè Ògúndá ṣèlérí ni pé òjò á rọ̀, kò ní wọ orí ẹni tó bá ti bèèrè, tó ti rúbọ, tó sì ti jẹ́ kí wọ́n fi irin dán orí òun wò.

Nítorí náà, ẹbọ ni o: iyọ̀, owó, àti obì tí a ó fi bọ orí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ awo tó wà nítòsí yín, á tọ́ yín sọ́nà. Lẹ́yìn ẹbọ, ìwà ló kù.

Ẹ yà. Kí ẹ tó gba ohun tí fóònù sọ nípa ẹ̀yà kan tàbí ìlú kan, ẹ yà sọ́dọ̀ àgbà kan tó fi ojú rí ìjà, kí ẹ ní kó sọ ohun tó rí, kì í ṣe ẹni tó jàre. Ẹni tí ìbọn dún létí rẹ̀ rí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn kó tún máa dún.

Ẹ dán an wò. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá jà fún òun, ẹ fi ọ̀pá irin kan orí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ bi í: "Ọmọ tìrẹ ńkọ́, ṣé òun náà ń bọ̀?" Tí ọ̀rọ̀ bá fọ́ níbẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ fún oníbodè ní iyọ̀. Kì í ṣe ẹbí yín, ẹ ò sì mọ̀ pé ó ní nǹkan kan tó máa sọ fún yín. Ẹ ṣáà fún un.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Èyí tí a bá lè san nínú gbèsè náà kí a tó lọ, ẹ jẹ́ ká san án. Èyí tí a ò bá lè san, ká sọ iye tó jẹ́ fún àwọn ọmọ, kó má jẹ́ pé olówó ni wọ́n máa ti ẹnu ẹ̀ gbọ́.

Mo gbà á ládùúrà fún gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó bá ka èyí: orí yín ò ní fọ́ lọ́nà. Ẹ ò ní fi ìgbà èwe yín ṣọ́ bùdó. Ẹni tó ń wá ọmọ tó máa kú fún òun ò ní mọ ilé yín. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ á di iyọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹni tó máa tú àṣírí ọ̀nà fún yín, ẹ ò ní kọjá rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà nílé, ilé á rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ̀yin tó ń lọ, ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Àwa àgbà ò ní kú sórí àjà. Ìlú wa á tòrò, ọwọ́ wa ló máa tò ó, Olódùmarè á sì fọwọ́ sí i.

Àṣẹ o, àṣẹ wàá.

Àbọrú, àbọyè.